Kọ́kọ́rọ́ Gbénró Fáṣínà

Oṣù kọkànlá rèé tí omi ti gbé Gbénró Fáṣínà lọ ní Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje, ó fọwọ́ sí iṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló mú ẹ̀rí wá. Bébà kan ṣoṣo ni. Ó fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà pa á, ó gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì Màríyámọ̀ Adékọ̀yà ní Ìkòsí, ó sì rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ìkókó.

"Ẹ bá mi kà á," ó ní. "Orúkọ ta lẹ rí níbẹ̀?"

"Gbénró Fáṣínà, mà."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Sátidé tó kọjá yìí."

"Òkú kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé," ni Ìyá Gbénró wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Màríyámọ̀ fi ṣe ọlọ́pàá. Ó fi mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jókòó sídìí ìwé àwọn ẹni tó sọnù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba yàrá kékeré yìí, ó ń bá àwọn èèyàn wádìí ohun tí ọlọ́pàá kò ráyè wádìí. Kò mọ kọ̀ǹpútà. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sí ọwọ́ tó ṣe nǹkan tí kì í fi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ṣe é.

Ó bi ìyá náà ní ìbéèrè díẹ̀díẹ̀. Desmond, tó ń bá Gbénró ṣiṣẹ́ ní Ojota, ló gbé bébà náà wá ní Sọ́ńdè. Ó wá bi wọ́n bóyá Gbénró ti padà wálé ní ìkọ̀kọ̀, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà nínú bébà yìí, kọ́kọ́rọ́ Gbénró ni wọ́n fi fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ náà. Láti ìgbà tí omi ti gbé e, Ìyá Gbénró ti bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má sọ níbikíbi pé ọmọ òun kú, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Ìjọ ti dá ọjọ́ àdúrà ìrántí ọdún kan sí Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá. Ó ti sọ fún pásítọ̀ pé òun kò ní jókòó síbi ìrántí ẹni tó wà láàyè.

Màríyámọ̀ béèrè ẹni tó lè máa fi orúkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá náà ní Desmond àti Gbénró ti jà rí lórí iṣẹ́ yẹn gan-an, ó tó oṣù kan tí wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n èmi ò wá nítorí olè o," ó ní. "Ọmọ mi ni mo wá wá. Bó bá wà láàyè, kí ẹ sọ ibi tó wà fún mi. Bí kò bá sì sí…"

Kò parí rẹ̀. Ó ká ọ̀rá náà, ó fi sínú pọ́ọ̀sì, ó sì fi bébà náà sílẹ̀.

*

Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni Màríyámọ̀ ti bá Desmond, ní ẹ̀yìn gáréèjì Ojota. Ọkùnrin gìrìwò ni. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Ketu ni wọ́n bí i sí, èdè náà sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ onílé lọ.

"Madam, ẹ má jókòó sórí ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ó jọ àga, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà oníbàárà ni."

Ó wá àga gidi fún un, ó sì ṣàlàyé. Linux ni ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló kóra jọ tí wọ́n ń pèsè ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà nílò sínú rẹ̀: èyí fún títẹ̀wé, èyí fún àwòrán, èyí fún orin. Wọ́n a di ìkọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀ bí ẹni di ẹrù, àpò kọ̀ọ̀kan a sì ní olùtọ́jú. Bí àṣìṣe bá yọ nínú àpò, olùtọ́jú rẹ̀ ni yóò tú u, tí yóò tún un ṣe, tí yóò tún un dì, tí yóò kọ ohun tó ṣe sínú ìwé àtúnṣe, tí yóò wá fọwọ́ sí i. Kì í ṣe báírò ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà gígùn kan ni, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, ó ń gbé inú kọ̀ǹpútà olùtọ́jú nìkan, gbólóhùn àṣírí kan ló sì ń ṣí i. Ohunkóhun tí kọ́kọ́rọ́ náà bá fọwọ́ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà yóò gbà á wọlé láì bi í léèrè ibi tó ti wá.

Àpò mẹ́rin ni Gbénró ń tọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí èèyàn fi ń tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Ilé ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀ ń lò ó, òun ló sì fi Linux sórí gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Nígbà tí odò kún ní oṣù kẹwàá èṣí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kó àwọn kọ̀ǹpútà náà jáde. Ọkọ̀ dojú dé. Ẹni méjì jáde. Gbénró gbé àpò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kò jáde.

Màríyámọ̀ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kó tó bi í.

"Kí lẹ jà lé lórí?"

Desmond ní òun fẹ́ kí àwọn jọ máa tọ́jú àpò Yorùbá yẹn, Gbénró sì kọ̀.

"Ìwọ lò ń fọwọ́ sí i báyìí?"

"Madam, láàárín àwa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kéèyàn fi kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíì fọwọ́ síwèé. Wọ́n á lé mi. Orúkọ mi á bàjẹ́ láyé."

"Olè ló máa ń mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ṣe tóbi tó."

Desmond rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Màríyámọ̀ tọ́ka sí àmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tó wà lórí bébà, ó béèrè ohun tó jẹ́. Desmond ní ó ń sọ ìlú tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé aago rẹ̀, aago Èkó sì ni. Inú Màríyámọ̀ kọ́kọ́ dùn sí i, nítorí ó fi hàn pé Èkó ni ẹni náà wà, kì í ṣe Kánádà tí Ìyá Gbénró rò pé ọmọ òun lè ti sá lọ. Ṣùgbọ́n ó bi í bóyá ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà Èkó lọ sí Kánádà láì yí aago rẹ̀ padà yóò ní àmì kan náà. Desmond ní yóò ní in. Ọ̀nà yẹn dí.

Ó wá ní kí ó tẹ gbogbo ìwé àtúnṣe Gbénró jáde fún òun, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Bébà náà pọ̀. Ó gbé e lé orúnkún, ó ń kà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wo ọjọ́, ó ń wo ọjọ́.

"Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ méjì méjì? Ó fọwọ́ sí èyí lónìí, ó tún fọwọ́ sí òmíràn lọ́la."

Nígbà yìí ni Desmond rẹ́rìn-ín gidi. "Ọ̀gbẹ́ni Lónìí-Lọ́la. Orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn. Kò di àpò dáadáa lẹ́ẹ̀kan rí. Ó máa ń gbàgbé nǹkan kan síta ṣáá. Tílẹ̀ bá mọ́, á padà wá, á tún un dì, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ìdí tá a fi jà nìyẹn. Ó ní tóun bá jẹ́ kí n wọlé, mi ò ní jẹ́ kóun rí àyè ṣàṣìṣe."

"Ọdún mélòó ló fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ọdún mẹ́wàá."

Màríyámọ̀ fi ìka lé abala tó kẹ́yìn. Láti ìgbà tí omi ti gbé e, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ fọwọ́ síṣẹ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó ní ọ̀la.

Desmond gba abala náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un kà.

"Èèyàn lè sá kúrò nílùú," ni Màríyámọ̀ wí, "ó sì lè yí orúkọ padà. Ìgbàgbé ọdún mẹ́wàá kì í dédé fi èèyàn sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀."

"Èmi náà kì í ṣàṣìṣe," Desmond sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyẹn lẹ ṣe ń wò mí."

"Mo ti wò ọ́ tán. Ká ní o fẹ́ gba àwọn àpò yẹn ni, ńṣe lò bá káwọ́ gbera. Tí wọ́n bá rí i pé olùtọ́jú wọn dákẹ́, ṣé wọn ò ní fún ẹlòmíì?"

"Wọ́n á fún un."

"Ẹni tó fẹ́ gba oko olóko kì í bá a ro ó lórúkọ ẹ̀."

Ó béèrè bóyá nǹkan kan máa ń ṣẹlẹ̀ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó jáde. Desmond wá a lórí kọ̀ǹpútà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí àṣìṣe ńlá bá wà nínú àpò kan, ẹgbẹ́ náà a fi íméèlì kìlọ̀ fún olùtọ́jú pé bí kò bá tún un ṣe títí di ọjọ́ báyìí, àwọn yóò yọ àpò náà kúrò. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kì í ṣe ìdáhùn sí irú íméèlì bẹ́ẹ̀. Ẹni náà ń ka lẹ́tà Gbénró.

"Kọ́kọ́rọ́ yẹn ńkọ́?" ni Màríyámọ̀ béèrè. "Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò."

Desmond họ orí. Ó ní àwọn olùtọ́jú ní àṣà kan. Wọ́n máa ń tẹ kọ́kọ́rọ́ náà sórí bébà, nọ́ńbà lásán, ìlà lórí ìlà, pé bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, kí àwọn lè jókòó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Wọn kì í sì í fi bébà náà sílé tí kọ̀ǹpútà wà, torí iná àti olè. Ilé ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán ni wọ́n ń gbé e sí.

Bí Màríyámọ̀ ṣe ń dìde, Desmond ní òun kò lè pa á mọ́ra mọ́. Bó bá di Fúráìdè, òun yóò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà pé Gbénró ti kú, wọn yóò sì pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rẹ́.

"Àyàfi tẹ́ ẹ bá rí i," ó ní. Ojú rẹ̀ sọ pé òun náà ń retí rẹ̀.

*

Inú àpótí irin, lábẹ́ ìwé ẹ̀rí ilé ìwé Gbénró, ni àpòòwé tí Gbénró kó bébà kọ́kọ́rọ́ náà sí wà, nínú yàrá tó ń gbé kó tó gbéyàwó, nílé ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò tíì ṣí i rí. Ọmọ òun ló ní kóun bá òun tọ́jú rẹ̀, òun sì tọ́jú rẹ̀.

Bébà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà kún un fọ́fọ́. Màríyámọ̀ gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kan, ó sì fi àmì tó-tò kan, kíún bí orí abẹ́rẹ́, sí orí rẹ̀. Kò fo ìlà kankan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá Gbénró rí i pẹ̀lú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀.

"Ó wọlé," ó ní. "Nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọlé. Èmi àti òun nìkan la mọ ibi tí bébà yìí wà."

Màríyámọ̀ kúrò lójú fèrèsé, ó jókòó tì í. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi jókòó sídìí ìwé àwọn ẹni tó sọnù ti kọ́ ọ pé nínú gbogbo ẹ̀rí, ìrètí ló ṣòro jù lọ láti bá jiyàn.

"Mà, ẹni tó bá ń tẹ nọ́ńbà yìí sínú kọ̀ǹpútà ló máa ń sàmì báyìí, kó má baà fo ìlà."

"Gbénró náà ni. Ṣebí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti bómi lọ."

"Gbénró ì bá ti fo ìlà, mà."

Ìyá náà tún wo àwọn àmì náà. Ó mọ ọmọ tó bí.

Màríyámọ̀ béèrè ẹni tó ń wọ yàrá náà. Ìyá náà ní kò sẹ́nì kankan. Tiwalọlá nìkan ni, ìyàwó Gbénró. Sátidé méjì-méjì ló máa ń wá láti Alápẹ̀rẹ̀, á gbálẹ̀, á kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sóòrùn, á tún ká a padà. Òun kò ka ìyẹn mọ́ àlejò. Ọmọ ilé ni.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, mà?"

"Ilé oògùn ló wà. Ó ń ta oògùn."

*

Màríyámọ̀ ra oògùn orí fífọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀, ó sì dúró síbi kan bí ẹni ń wá ìpara. Tiwalọlá ń tú páálí tuntun. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ kóòtù funfun, ó fi pẹ́ńsù sí etí. Bó bá mú páálí oògùn kan, á wo orúkọ rẹ̀, á wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, á fa ìlà kékeré sí i nínú ìwé. Á tún padà wò ó. Nígbà náà ni yóò fi tó-tò sí orí ìlà náà.

Màríyámọ̀ tẹ́ ọ̀kan nínú bébà mẹ́ta náà sórí káńtà.

Tiwalọlá wò ó. Kò ta gìrì. "Ẹ jẹ́ kí n parí páálí yìí, Àǹtí," ó ní. "Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ẹlòmíì á kà á ṣì."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ilé oògùn náà. Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wà pa pọ̀, ẹ̀gbẹ́ Gbénró ló máa ń jókòó bó bá ń di àpò, ó mọ gbogbo bó ti ń ṣe é, ó sì mọ ohun tó máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn tí omi gbé e, íméèlì rẹ̀ ṣì ń wọlé sórí fóònù òun. Nínú oṣù kejìlá ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn yóò yọ àpò Yorùbá kúrò bó bá di oṣù kẹta. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Sátidé méje ló fi tẹ kọ́kọ́rọ́ náà, nínú yàrá Gbénró, nítorí Gbénró ti sọ fún un pé bébà náà kò gbọdọ̀ jáde nílé yẹn, wọn kò sì gbọdọ̀ yà á ní fọ́tò.

"Gbólóhùn àṣírí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé ni, ní Mile 12. 'Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìkòròdú?' Ó ní kò sẹ́ni tó lè rò ó."

"Kí ló dé tó o fi ṣe é, Tiwalọlá?"

Ó ní òun kàn fẹ́ dá lẹ́tà yẹn lóhùn ni. Kò yẹ kí wọ́n kọ̀wé séèyàn kó má dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí lẹ́tà mìíràn fi wọlé. Ẹ̀rọ ló máa ń kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn. Òun mọ̀.

"'Gbénró Fáṣínà, a ti gba iṣẹ́ rẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.' Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Àǹtí, láti ìgbà tí omi ti gbé e, èmi ni gbogbo èèyàn ń kí. Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yẹn, Gbénró fúnra ẹ̀ ló kí. Mo wá ń retí òmíràn."

Màríyámọ̀ wo ilẹ̀. Nígbà tó wà lọ́lọ́pàá, ó ti mú olè, ó sì ti mú apànìyàn. Kò tíì mú ẹni tó jalè kí wọ́n lè kí ọkọ rẹ̀.

Ó sọ fún un pé Ìyá Gbénró ti rí bébà tí Desmond gbé wá. Tiwalọlá ní òun ti gbọ́ láti Sọ́ńdè. Ojoojúmọ́ lòun ń lọ sílé ìyá náà, òun a dé ẹnu géètì, òun a padà.

"Mo lè bá ọ sọ ọ́ fún wọn," ni Màríyámọ̀ wí. "Iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé ẹnì kan tàn wọ́n jẹ."

Tiwalọlá bọ́ kóòtù funfun náà, ó ká a, ó sì dìde.

*

Orí ìkúnlẹ̀ ni Tiwalọlá ti sọ ọ́ nínú pálọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Gbénró kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí irin rẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Tiwalọlá parí, Màríyámọ̀ gbọ́ ẹni tó ń fọ abọ́ lódìkejì ògiri.

"Nígbà tó o ń tẹ nọ́ńbà yẹn," ìyá náà wí níkẹyìn, "inú yàrá ẹ̀ lo wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo gbọ́ ọ. Mo máa ń gbọ́ bí Gbénró ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí, mi ò wá fẹ́ dìde, kó má baà dákẹ́."

Tiwalọlá fi orí kan orúnkún ìyá náà. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì gbé e kúrò.

"Lẹ́tà tó kí i yẹn, ṣó wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó wà lórí fóònù rẹ̀. Ìyá Gbénró ní kó kà á fún òun. Ó kà á: Gbénró Fáṣínà, a ti gba iṣẹ́ rẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyá náà ní kó ka ìkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọjọ́ nìkan ló yàtọ̀. Ó ní kó ka ìkẹta. Ní ìkẹrin, ètè rẹ̀ ti ń bá a kà á. Nígbà tó di ìkẹfà, Tiwalọlá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìyá náà ló parí rẹ̀, láìwo fóònù, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó nu ojú.

"Ó tó," ó ní. "Pe Desmond."

Tiwalọlá tẹ nọ́ńbà náà. Fóònù ń dún lọ́hùn-ún. Kí Desmond tó gbé e, Ìyá Gbénró ti na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sí etí ara rẹ̀.

"Desmond," ó ní, "kọ̀wé sí wọn. Sọ fún wọn pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ọmọ mi ti kú."